Ibi Tó Tẹ̀ Lára Báńpà Bàbá

Ìró kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ilé náà láàárọ̀, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ kó tó mu tíì, bó bá sì mu ún tán, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju "Ó ti tó" lọ. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí Ìyá ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ife náà síwájú rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé e kúrò. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin yìí. Ìyá Kékeré ni Bàbá ń pè é ní tirẹ̀, nítorí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni nígbà tó bọ́ sípò ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Nígbà náà orúkọ yẹn dùn létí rẹ̀ bí oyin. Nísinsìnyí tó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ti ń wúwo bí ẹrù tí kò ṣeé sọ̀.

Aṣọ ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn ló ń rán. Bó bá rán ọ̀kan tán, á gbé e kọ́ sẹ́nu fèrèsé, á máa wo bí atẹ́gùn ṣe ń kún inú rẹ̀, àfi bí ẹni pé ènìyàn wà níbẹ̀, títí oní-nǹkan á fi wá mú nǹkan rẹ̀ lọ. Fèrèsé á tún ṣófo.

Àárọ̀ Sátidé kan ni báńpà iwájú píkọ́ọ̀pù Bàbá já sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Píkọ́ọ̀pù náà dàgbà ju Aránṣọ lọ. Ó ti jẹ́ búlúù rí, kí oòrùn tó fọ̀ ọ́ di àwọ̀ tí kò lórúkọ. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi kó pákó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ohun tó kù tó ń fi í ṣe ni pé kó fọ̀ ọ́ láràárọ̀ Sátidé, kó wà á yí òpópónà po, kó sì gbé e padà wálé. Ìpẹtà ti jẹ irin tó di báńpà náà mú, wáyà ni wọ́n fi so ó. Ọjọ́ yẹn ni wáyà náà sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Gbàgà!

Bàbá kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tìrora-tìrora, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sì gbé irin náà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tó ṣubú.

"Ìyá Kékeré, ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. À ń lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà."

Wẹ́dà náà wà ní òpópónà kejì, lábẹ́ òrùlé páànù kan. Ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́. Gọ́gù tó ń fi dáàbò bo ojú kì í kúrò níwájú orí rẹ̀, débi pé àwọn èèyàn ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Gọ́gù ni wọ́n ń pè é.

"Báńpà mi rèé," Bàbá wí. "Mi ò fẹ́ tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti jẹ tán. Fi irin tó nípọn ṣe ẹ̀yìn míì fún un, rọ páìpù síwájú iná méjèèjì kó máa dáàbò bò wọ́n, kó o sì fẹ òkè rẹ̀ kó tó ohun tí ènìyàn méjì lè jókòó lé."

"Kí n kúkú fi iná jó o mọ́ ṣáásì abẹ́ ọkọ̀ pátápátá, sà? Kò ní já mọ́ láéláé."

"Rárá o. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni kó o fi dè é. Ohun tí wọ́n bá jó pọ̀ kò ṣeé tú láìfi iná sí i."

Gọ́gù họ orí. "Nọ́ọ̀tì a máa tú o, sà."

"Bó bá tú, a ó tún un dè."

Nítorí orúnkún, Bàbá kò lè máa lọ máa bọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń rán: "Lọ bá mi wo ibi tó bá a dé."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ó bá Gọ́gù lórí ìkúnlẹ̀. Ó tẹ́ páálí ńlá kan sílẹ̀, ó gbé báńpà lé e, ó ń fi kúkúrú pẹ́ńsùlù ya etí rẹ̀ yípo.

"Kí lẹ ń yà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Kí n tó fọwọ́ kan irin onírin, mo gbọ́dọ̀ ya bó ṣe rí nígbà tó dé. Bí mo bá wá bà á jẹ́, ó kéré tán, màá mọ ohun tí mo bà jẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Aránṣọ. Ó ya òun gan-an lẹ́nu. Kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn láìjẹ́ pé ó ń fi tu oníbàárà lójú.

"Àwa náà máa ń gé pépà ká tó gé aṣọ," ó wí. Ó ti àpò rẹ̀ yọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ. "Ẹ gba èyí. Pẹ́ńsùlù yẹn ti fẹ́ tán mọ́ yín lọ́wọ́."

"Ẹ ṣé. Ẹ jókòó, Aránṣọ. Àmọ́ bí mo bá ti ń jó o, ẹ kọ̀yìn sí mi o. Ojú yín lẹ fi ń fi òwú sí abẹ́rẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọra, òun ní kíkọ ẹ̀yìn, ọkùnrin náà ní bíbo ojú. Bí iná bá ti ń kọ yẹ̀rì, òjìji àwọn méjèèjì á fò mọ́ ara ògiri, á ga, á fara kan ara wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni òjìji jìnnà síra. Aránṣọ á máa wo ògiri yẹn. Ó máa ń wò ó lọ́nà tí kò jọ ti ẹni tí wọ́n rán wá wo báńpà.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Bàbá ń rán an. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojoojúmọ́ ló ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bá a tó ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró.

"Ẹ ò lè jókòó jẹun ni?"

"Mi ò fẹ́ràn kí n máa jókòó sídìí tábìlì. Bí mo bá jókòó, màá rí i pé àga kejì ṣófo." Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí irin gùn.

"Ní tiwa, àga kejì ò ṣófo," Aránṣọ wí. "Ẹni tó wà lórí ẹ̀ ni kì í sọ̀rọ̀."

Wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò jọ ti ilé.

Kí Aránṣọ má baà sunkún ló ṣe wá nǹkan míì sọ. Ó nàka sápá òsì báńpà náà, níbi tó ti tẹ̀ wọnú tó bí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ibí yìí kó dọ́gba. Mo fẹ́ kó ya Bàbá lẹ́nu."

"Bàbá ò bá mi sọ ìyẹn."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Bàbá ní mọ́tò kan ló kọlù ú kí wọ́n tó bí mi. Ta ló fẹ́ kí irú àpá bẹ́ẹ̀ máa wà níwájú ọkọ̀ òun?"

Gọ́gù wo ibẹ̀ pẹ́, bí ẹni tí nǹkan ń sọ fún pé kó má ṣe é. Lẹ́yìn náà ó fa gọ́gù rẹ̀ sójú. "Bó o bá ti wí, ó ti parí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò bá a sọ̀rọ̀ bí oníbàárà. Àyà Aránṣọ já bíi báńpà lẹ́nu géètì. Kó tó lọ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà tún sọ̀rọ̀ kan, ojú rẹ̀ ṣì wà lára irin.

"Mo fẹ́ rí Bàbá."

"Lórí ọ̀rọ̀ báńpà?"

"Lórí ọ̀rọ̀ àga kejì."

Àbúrò Bàbá obìnrin ni Aránṣọ bẹ̀ kó gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì ní ọsibítù tipẹ́, síbẹ̀ kò lè kí ènìyàn láìfi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí onítọ̀hún wò bóyá ó gbóná. Ó dé lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, ó di abẹ́rẹ́ mú, kò rán nǹkan kan.

"Bọ̀dá mi, ọkọ ti dé o."

"Ọkọ ta ni?"

"Ṣé ọkọ tèmi ni? Èmi tí mo ti sin méjì! Ọkọ ọmọ yín ni. Gọ́gù, wẹ́dà yín."

Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀. "Ẹni tí kò ní ẹnì kan láyé? Bó bá ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ ta la ó gbẹ́jọ́ lọ? Iná sì ń jẹ ẹ́ lójú lójoojúmọ́. Ṣé kí ọmọ mi máa fà á lọ́wọ́ kiri ni?"

"Gọ́gù wà lójú tiẹ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin tí ojú yín là kedere, kí lẹ rí? Ọmọ yín ń gbẹ nínú ilé yìí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn."

Bàbá ti ife náà síwájú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Jẹ́ kó parí báńpà náà ná. Ọwọ́ ènìyàn kì í purọ́. Bí mo bá rí iṣẹ́ rẹ̀, màá mọ irú ẹni tó jẹ́, màá sì fún un lésì."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ayọ̀ àti ẹ̀rù dì mọ́ra wọn láyà Aránṣọ. Bí Bàbá bá gbà, ta ni yóò máa gbé ife tíì? Bí kò bá sì gbà, ṣé aṣọ ẹlòmíràn náà ni òun yóò máa kọ́ sí fèrèsé títí òun yóò fi darúgbó?

Ọjọ́ tí báńpà náà délé, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Gọ́gù ti ọmọlanke fúnra rẹ̀, ó ṣí aṣọ kúrò lórí irin náà, ó sì ń dán bíi díńgí. Páìpù méjì rọ yípo níbi tí iná máa wà, bí ìpéǹpéjú. Òkè rẹ̀ tẹ́jú, ó fẹ̀, ènìyàn méjì lè jókòó síbẹ̀ láìfara gbún ara wọn. Bàbá fi ìka kàn án kó-kó-kó, ó tẹ́tí sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Aránṣọ rí eyín bàbá rẹ̀ tí kò rí láti ọdún tó ti pẹ́, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé: ó ti bọ́ sí i.

Ọwọ́ Bàbá ń rìn lọ lára irin náà, ó ń lọ sápá òsì. Ó débì kan, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ, ó ń táràrà bí ọwọ́ ẹni tó ń wá bọ́tìnì iná nínú òkùnkùn.

"Ibo ló wà?"

"Kí ni, sà?"

"Ibi tó tẹ̀. Ibo ló wà?"

Gọ́gù yíjú sí Aránṣọ. Aránṣọ la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ojú bàbá rẹ̀ sì bà á lẹ́rù, nítorí kò rí i rí bẹ́ẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Ìyá kúrò nílé. Ọkùnrin náà dúró dè é tó bí èémí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà.

"Mo nà án, sà. Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Gbé e kúrò níwájú mi! Kó o má sì tún tẹ inú ilé yìí mọ́, ì báà ṣe nítorí irin, ì báà ṣe nítorí ọmọ."

Oṣù mẹ́ta kọjá. Píkọ́ọ̀pù náà dúró nínú ọgbà láìní báńpà, bí arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká. Bàbá kò fọ̀ ọ́ mọ́. Aránṣọ kò lè dé òpópónà kejì. Ojú wo ni òun yóò fi wo ẹni tó gba ẹ̀bi òun rù? Bí òjò bá ṣú lọ́sàn-án, ó máa ń rí iná búlúù iṣẹ́ Gọ́gù tó ń kọ lókè òrùlé àwọn aládùúgbò, bí mànàmáná tí kò ní àrá. Nígbà náà, ó máa ń dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró títí iná náà á fi kú. Bàbá wà ní pálọ̀, òun wà ní yàrá, ògiri kan ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ì bá tún sàn kó jẹ́ odò, nítorí odò ní ọkọ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló wá, ó fọwọ́ kàn án níwájú orí.

"Kò gbóná. Kì í ṣe ibà. Kí lo ṣe?"

Aránṣọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Ehn-ehn! Ọkùnrin ọlọ́kùnrin wá ru ẹ̀bi ẹ kiri, ìwọ jókòó síbí ò ń se tíì! Má bẹ̀ mí níṣẹ́ mọ́ o. Mo ti ṣe alárinà tó. Ọ̀rọ̀ yìí ò gba alárinà. Ẹnu tó ní kí wọ́n nà án ni kó lọ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ gbé tíì síwájú Bàbá, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ní kó nà án. Mo fẹ́ kó ya yín lẹ́nu ni. Ẹ ní mọ́tò kan ló kọlù ú."

Bàbá wo inú ife náà.

"Mo purọ́," ó wí. "Ìyá ẹ ló tẹ̀ ẹ́."

"Ìyá mi? Ìyá mi ò mọ ọkọ̀ wà."

"Ìyẹn ló ṣe tẹ̀ ẹ́. Oyún ẹ wà nínú ẹ̀ nígbà náà. Ó ní dandan, kí n jẹ́ kí òun wà á wò. Kò tíì rìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó fi lọ gbá òpó géètì yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, títí ó fi di ẹkún, ó ní àwọn obìnrin àdúgbò á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú mi búra pé mi ò ní sọ fẹ́nì kankan." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wò ó. "Àràárọ̀ Sátidé tí mo bá ń fọ ọkọ̀, mo máa ń gbé ọwọ́ síbẹ̀. Ó bá ọwọ́ mi mu. Gbogbo yín lẹ ní fọ́tò ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo ní in."

Aránṣọ sunkún tó fi rẹ̀ ẹ́. Àárín ẹkún náà ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn.

"Bàbá, ó yà á kó tó nà án."

"Kí ló yà?"

"Gbogbo rẹ̀. Ó wà lórí páálí."

Bàbá dìde, kò rántí orúnkún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé òpópónà kejì, Aránṣọ ń sáré tẹ̀lé e bí ẹni pé òun ni àgbà. Gọ́gù ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Ó gbé e sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Wọ́n ní o ní páálí kan," Bàbá wí.

Ó wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńpà tó fi aṣọ mímọ́ bò. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì. Lápá òsì, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ibi tó tẹ̀ náà, òbìrí nínú òbìrí, títí dé àárín tó jìn jù. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó bá a mu.

"Ṣé o lè tẹ̀ ẹ́ padà?"

"Mo lè tẹ̀ ẹ́, sà. Òòlù kan, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n èmi ni màá tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

Bàbá ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló dé tó o purọ́ fún mi pé ìwọ lo ṣe é?"

"Mi ò purọ́, sà. Ọwọ́ mi ló nà án."

Bàbá ká páálí náà, ó fi há abíyá. "Mú báńpà náà wá lọ́la bó ṣe wà yẹn, kó o wá dè é. Bó o bá dè é tán, mú àwọn èèyàn ẹ wá, ká sọ ọ̀rọ̀ kejì."

"Mi ò ní èèyàn, sà."

"Mo mọ̀. Àbúrò mi á ṣe èèyàn fún ẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa tìtorí ẹ̀ bá mi jà."

Aránṣọ rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lẹ́nu fèrèsé. Èyí kò sẹ́ni tó wá mú un lọ. Òun ló wọ inú rẹ̀. Òun àti Gọ́gù jókòó sórí báńpà ya fọ́tò, Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ lẹ́yìn.

Ilé tí wọ́n kó lọ jìnnà díẹ̀. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ó bá ti ń rán aṣọ, tí ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga, tó ń jẹun bí èèyàn, ayọ̀ á kún inú rẹ̀, á sì tún rántí pé ilé kan wà tí kò ní ìró kankan mọ́ láàárọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ife mẹ́ta ló bá ọwọ́ rẹ̀ tó ń tò sílẹ̀. Ó fẹ́ gbé ọ̀kan padà nìyẹn, ni fèrè ọkọ̀ bá dún lóde.

"Nọ́ọ̀tì kan ti tú," Bàbá wí látinú píkọ́ọ̀pù. "Lápá òsì."

Gọ́gù wọ abẹ́ ọkọ̀, ó dè é. Bàbá mu tíì, ó ní "Ó ti tó," ó lọ. Ní Sátidé kejì, nọ́ọ̀tì náà tún tú. Ní ẹ̀kẹta, ó tún tú. Ní ẹ̀kẹrin, Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ṣé iṣẹ́ ẹ ò dára ni?"

"Wo ibí." Ó fi ìka hàn án. Ọ̀dà tó wà yí nọ́ọ̀tì náà po ti họ. "Nọ́ọ̀tì tó bá tú fúnra ẹ̀ kì í ní àpá sípánà lára."

"Bàbá?"

"Àràárọ̀ Sátidé."

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn?" Ó rí i lójú ọkàn rẹ̀, arúgbó kan lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọgbà tó pa lọ́lọ́, sípánà lọ́wọ́, tó ń tú ohun tó so mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kí ó lè rí ìdí tí yóò fi jáde. "Kí ló wá dé tó ò fi iná jó o mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n yé jìyà?"

"Bí mo bá jó o, kí ni á máa gbé wọn wá?"

Aránṣọ gbé tíì yí lọ síwájú ọkọ̀. Bàbá ti sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí báńpà, lápá ọ̀tún. Ó na ọwọ́ sápá òsì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó dán yẹn.

"Ẹ bọ́ sáàárín, Bàbá, kẹ́ ẹ lè fẹ̀yìn ti nǹkan."

"Rárá, ibí yìí dára fún mi."

Kò bi í léèrè mọ́. Ó gbé ife náà fún un, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn àárọ̀, kò jókòó sí àyè tó ṣófo náà. Bàbá mu tíì díẹ̀, ó dúró, ó tún mu. Lọ́tẹ̀ yìí kò tíì sọ pé ó ti tó.

Lábẹ́ wọn, sípánà ń dún kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ de nọ́ọ̀tì náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò dè é jù, kí ọwọ́ arúgbó lè rí i tú ní Sátidé tó ń bọ̀.